Olùyẹ̀wò Tí Kíá Pa

Kíá pa olùyẹ̀wò, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, nínú yàrá ẹ̀rọ ilé ìdánwò. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bọ́tìnì kan lé e, iṣẹ́ bùṣe. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó na ẹsẹ̀, ó ní: "Ó tán."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Kíá. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí bí a bá gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, yóò ti parí rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó fa àga jókòó. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onígíláàsì. Ọdún tó kọjá ni àwọn méjèèjì jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni wọn yóò gbà sípò ní ìparí oṣù. Kíá ti fi ọkàn sí i pé òun ni. Ìyá rẹ̀ náà ti fi ọkàn sí i, ó sì ti ròyìn rẹ̀ ká àdúgbò.

Ilé ìdánwò náà ní gbọ̀ngàn mẹ́ta, igba kọ̀ǹpútà, àti sáfà kan. Sáfà ni ẹ̀rọ àgbà tí igba yòókù ti ń gba ìbéèrè, tí wọ́n sì ń dá ìdáhùn padà sí. Bí sáfà bá ń falẹ̀, gbogbo ilé ń falẹ̀. Inú rẹ̀ ni ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní olùyẹ̀wò. Ìwé ìlànà kan wà tí a kọ ọ́ sí bí gbogbo nǹkan inú sáfà ṣe gbọ́dọ̀ rí: aago rẹ̀, àwọn ilẹ̀kùn tí ìsọfúnni ń gbà wọ inú rẹ̀, ẹni tó láṣẹ láti ṣí àpò fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, olùyẹ̀wò á jí, á ka ìwé ìlànà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, á fi wé ohun tó bá nílẹ̀, á sì tún èyí tó bá yẹ̀ ṣe. Kì í bínú, kì í gbàgbé, kì í gba ìsinmi.

Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùyẹ̀wò ti ń pẹ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ti di ti ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta. Kò ní tíì parí ti àkọ́kọ́ tí àkókò ti èkejì yóò fi tó. Èkejì á gun orí àkọ́kọ́, sáfà á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Nínú gbọ̀ngàn, ìbéèrè kan á lo ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ìdánwò ìwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga sì kù sí dẹ̀dẹ̀: Ọjọ́bọ̀ ni.

Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí kì í pariwo, ti pín iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Onígíláàsì, ìwọ lọ yẹ gbogbo aago ilé yìí wò, ti ara ògiri àti ti ẹ̀rọ. Kíá, wá ìdí tí olùyẹ̀wò fi ń pẹ́."

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá parí ẹ̀ lónìí."

"Mi ò ní kí o parí ẹ̀ lónìí. Mo ní kí o wá ìdí ẹ̀."

Kíá ṣí ìwé ìlànà náà. Irinwó ìlà ó lé méjìlá ni. Ó ka ogójì, ó sú u. Ní ọjọ́ kejì, ó ka ogún sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ jiyàn. Olùyẹ̀wò ló ń ni sáfà lára. Bí olùyẹ̀wò kò bá sí, sáfà yóò mí. Kí ni a tún ń wá lẹ́yìn èyí? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe pa á. Lójú ẹsẹ̀, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn bí ẹni ṣẹ́jú.

Àṣà kan wà nínú yàrá náà. Àtúnṣe kankan kì í wọ inú ìwé àtúnṣe àfi tí ẹni tó ṣe é bá là á yé ẹnìkan tí kì í ṣe oníṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ẹni náà sì fọwọ́ sí i. Bàbá Ẹ̀ṣọ́, tó ń ṣọ́ ẹnubodè, tó sì ń yẹ báàgì àwọn tó ń wọlé wò, ni wọ́n sábà máa ń lọ bá. "Ohun tí o ò bá lè là yé Bàbá Ẹ̀ṣọ́," ni Ọ̀gá máa ń wí, "ìwọ fúnra rẹ ò tíì mọ̀ ọ́n."

Kíá gbé ìwé náà lọ sí ẹnubodè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Kíá, ọmọ mi! Ṣé ilé ń jó ni, tí o fi ń sáré?"

"Rárá o. Mo ti tún sáfà ṣe ni. Ẹ bá mi fọwọ́ sí i."

"Jókòó, kí o rò ó fún mi. Ọ̀rọ̀ tó bá ń sáré kì í dúró létí mi mọ́."

Kíá kò jókòó. "Bàbá, olùyẹ̀wò ló wúwo jù fún sáfà. Mo wá sọ ẹrù yẹn kalẹ̀ lórí ẹ̀."

Bàbá Ẹ̀ṣọ́ wò ó. "Ta ló wá ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí?"

"Á máa yẹ ara ẹ̀ wò."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Bíi kí n ní kí àwọn tó ń wọlé máa yẹ báàgì ara wọn wò."

"Bàbá, kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí báàgì."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé." Ó fọwọ́ sí i.

Inú ìwé àtúnṣe, Kíá kọ ọ́ pé: "Sáfà ti yá. Mo dín ẹrù rẹ̀ kù." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí a lè tọ́ka sí pé irọ́ ni. Òtítọ́ náà kò sì sí níbẹ̀.

Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n ń ka ìwé náà sókè bí ìṣe wọn, àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

"Kíá, ṣé o sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́ sí sáfà létí ni?" Onígíláàsì bi í. "Kọ́ mi níbẹ̀ jàre."

"Yára díẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá kò pàtẹ́wọ́. "Kí ni ìdí ẹ̀?"

"Ẹrù ló pọ̀ jù fún un, mà."

"Ẹrù wo?" Kíá kò tíì la ẹnu tí àwọn alábòójútó ìdánwò fi kanlẹ̀kùn, tí wọ́n ń béèrè kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn. Ọ̀gá dìde. "Lẹ́yìn ìdánwò, wàá fi ìlà tó ń dá a dúró nínú ìwé ìlànà hàn mí."

Kíá ní, "Ó dáa, mà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lóòótọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lójú tirẹ̀, bí ìdánwò bá ti kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ta ni yóò tún rántí ìlà?

Igba akẹ́kọ̀ọ́ ló wọlé ní Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aago mọ́kànlá ni sáfà yóò ti gbogbo ìwé ìdáhùn pa. Àwọn kan tètè parí, wọ́n sì jáde. Nígbà tí aago ara ògiri wà ní ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta kọjá aago mẹ́wàá, gbogbo kọ̀ǹpútà funfun báláú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kan hàn lójú wọn: "Àkókò ti pé."

Ọmọbìnrin kan níwájú fò dìde. "Ẹ̀yin àǹtí, ẹ wo ògiri! Kò tíì pé!"

"Mo fi ìṣirò sẹ́yìn ni!" ọmọkùnrin kan ń kígbe. "Ojú ewé méjì gbáko! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i padà!"

Kò ṣeé ṣí padà. Ìwé ìdáhùn tí sáfà bá ti tì pa, kò sí ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ kàn án mọ́. Òfin ìdánwò nìyẹn. Wọ́n ka àwọn tó ṣì ń kọ̀wé lọ́wọ́ nígbà náà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n.

Ọ̀gá wọ yàrá ẹ̀rọ. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú sáfà. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

"Sáfà fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ṣáájú," ó ní. "Onígíláàsì."

"Mà?"

"Ìwọ ni mo ní kí o yẹ aago wò."

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Ní ọjọ́ Ajé, ó pé géérégé."

"Ó pé géérégé, ó wá fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá sáré láàárín ọjọ́ mẹ́ta?"

"Mo fi ojú mi rí i, mà."

"Ibo lo kọ ọ́ sí?"

Onígíláàsì bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó sì gbé e wọ̀ padà. Kò kọ ọ́ síbì kankan. Aago náà pé. Kò rí ohun tó yẹ kí òun kọ.

"Wá bá mi lọ́la ní agogo mẹ́jọ," Ọ̀gá wí. "Tí o ò bá rí ẹ̀rí mú wá, o ò ní padà sí yàrá yìí mọ́."

Ẹnu ọ̀nà ni Kíá dúró sí, ọwọ́ rẹ̀ di férémù mú. Gbogbo rẹ̀ ti yé e. Sáfà náà ti gbó. Aago inú rẹ̀ ti ń sáré láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, nítorí olùyẹ̀wò ń fà á padà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sẹ́ni tó fà á padà.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, Onígíláàsì dúró tì í. "Mo wò ó o, Kíá. Kì í ṣe pé mo sùn."

"Mo mọ̀," ni Kíá wí. Ó yára kọjá lọ.

Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí Kíá délé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá a níwájú fèrèsé, ó ń tú apá aṣọ kan pẹ̀lú abẹ kékeré.

"Káàbọ̀, òṣìṣẹ́ mi. Ìdánwò lọ dáadáa?"

"Rárá, Màámi."

Kíá ro gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ìyá rẹ̀ kò dá iṣẹ́ dúró. Nígbà tí Kíá ròyìn tán, ó ní: "Mo ti ní ètò kan. Màá tètè dé ibẹ̀ lọ́la, kí wọ́n tó wọlé, màá wá ìdí náà gan-an. Tí mo bá ti ní àtúnṣe lọ́wọ́, ìjẹ́wọ́ mi á rọrùn láti gbọ́."

"Á rọrùn fún ta ni?"

Kíá fa àga kan jókòó.

"Wo aṣọ yìí," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo gé apá ẹ̀ kúrú. Tí oníbàárà mi bá dé, ṣé kí n kọ́kọ́ máa fi bí mo ṣe gán etí ẹ̀ hàn án? Á ní, 'Ìyá aránṣọ, apá aṣọ mi dà?' Ẹni tó ń lọ jẹ́wọ́ kì í gbé ẹ̀bùn dání. Tó bá gbé ẹ̀bùn dání, ọjà ló ń lọ ná."

"Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Ẹ ti sọ ọ́ ká àdúgbò."

"Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu yìí náà ni màá fi kó o padà. Má fi tèmi ṣe àwáwí."

Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ Ẹtì, Onígíláàsì wà níwájú tábìlì Ọ̀gá, kò mú nǹkan kan dání. Ọ̀gá ṣí ìwé àtúnṣe. Kíá dìde kí Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, Onígíláàsì ò jẹ̀bi. Èmi ni. Mi ò tún nǹkan kan ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo pa olùyẹ̀wò ni. Òun ló ń tún aago sáfà ṣe. Mo sì ti mọ̀ láti àná tí ẹ ti ń bá a wí, mo dákẹ́."

Ọ̀gá pa ìwé náà dé.

"O parí?" Ọ̀gá bi í.

"Mo parí, mà."

"Onígíláàsì, má bínú. Mo dẹ́bi fún ọ kí n tó wádìí." Ó yí padà. "Kíá, kí ni mo ní kí o ṣe lọ́jọ́ Ajé?"

"Ẹ ní kí n wá ìdí tó fi ń pẹ́."

"Ìdí ẹ̀ dà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá. Tan olùyẹ̀wò padà, kí o lọ wá ìdí ẹ̀. Onígíláàsì á jókòó tì ọ́, tó bá gbà."

"Mo gbà, mà," ni Onígíláàsì wí. "Ṣùgbọ́n tó bá tún fẹ́ sáré, màá di apá aṣọ ẹ̀ mú." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Kíá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ balẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò le. Sùúrù ló gbà. Wọ́n pàṣẹ fún olùyẹ̀wò kí ó máa kọ iye àkókò tó lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá tan án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì dúró dè é. Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ni Kíá fi jókòó láìfọwọ́ kan nǹkan kan, kò sì sí iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ fún un láti ìgbà tó ti débẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló na ọwọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Onígíláàsì wò ó, tí Kíá sì fa ọwọ́ padà.

Nígbà tó parí, wọ́n to àwọn ìlà náà láti orí èyí tó pẹ́ jù. Mọ́kànlá lé ní irinwó lo ìṣẹ́jú méjì péré láàárín ara wọn. Ìlà kan ṣoṣo jẹ àádọ́ta ìṣẹ́jú.

Ìlà náà ní kí a máa ṣọ́ àpò tí fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà, àti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Olùyẹ̀wò sì ń ṣe bí a ti wí fún un. Á ṣí àpò náà, á mú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ti yí i padà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ti kó fọ́tò gbogbo ọdún àtijọ́ wá sínú àpò kan náà yẹn. Ọ̀kẹ́ mọ́kàndínlógún fọ́tò ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo wọn.

"Ta ló kọ ìlà yìí?" Kíá wí. Wọ́n wo àkọsílẹ̀. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni. Orúkọ Ọ̀gá ló wà níbẹ̀.

Wọ́n wo ara wọn.

"Ìwọ ni wàá sọ fún un o," ni Onígíláàsì wí. "Ìbáwí tèmi ti tó fún ọ̀sẹ̀ yìí."

Kíá lọ sọ fún un. Ọ̀gá ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. "Èmi ni," ó ní. "Fọ́tò inú ẹ̀ ò tó ẹgbẹ̀rún nígbà yẹn. Mi ò rò pé ó máa pọ̀ báyìí." Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé àtúnṣe pé àṣìṣe òun ni, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Ó gbà mí ní ìlà méjì láti kọ. Kò pa mí."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé Kíá dénú. Ká ní ó ṣe ohun tí wọ́n rán an, wákàtí méjì ni ìbá fi rí ìlà náà. Kì bá sí ẹ̀bi tirẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ìgbà tó bò ó mọ́lẹ̀ ló di tirẹ̀.

Wọ́n tún ìlà náà kọ. Olùyẹ̀wò yóò máa wo ẹnu àpò náà nìkan: ẹni tó lè ṣí i, ẹni tó lè fi nǹkan sínú rẹ̀. A ó yẹ fọ́tò kọ̀ọ̀kan wò nígbà tó bá ń wọlé. Kíka gbogbo wọn yóò wá máa wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ìpín kéékèèké, nígbà tí gbọ̀ngàn bá ṣófo. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì aago inú sáfà. Wọ́n tan olùyẹ̀wò. Kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Kíá gbé ìwé lọ sí ẹnubodè. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó.

"Èyí yé mi," ni Bàbá Ẹ̀ṣọ́ wí nígbà tó rò ó tán. "Tí ọkọ̀ bá kó àpótí ìwé dé, èdìdì ẹ̀ ni mo máa ń wò. Tí mo bá ní kí n máa ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ á tò dé ìkóríta."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Èyí tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí, irọ́ ni."

"Mo fura."

"Ẹ fura, ẹ wá fọwọ́ sí i?"

Àgbàlagbà náà fọwọ́ họ àgbọ̀n. "Ìwé tí ẹ kà ló dẹ́rù bà mí. Gbé ìwé náà wá, kí n kọ àṣìṣe tèmi náà sí i."

Ní ìparí oṣù, Onígíláàsì ni wọ́n gbà sípò. Ọ̀gá pe Kíá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O sọ òótọ́, ó sì dára. Ṣùgbọ́n o sọ ọ́ lẹ́yìn tí ó ti ba nǹkan jẹ́. Mi ò lè fi sáfà lé ọ lọ́wọ́ báyìí. Tí o bá fẹ́, wá bá àwọn akọ́ṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ìkọ́ṣẹ́."

"Màá wá, mà," ni Kíá dáhùn. Kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, òun ló kọ́kọ́ dé. Ó ṣì yára, ṣùgbọ́n kò tún sọ pé iṣẹ́ tán mọ́ kí ó tó mọ ìdí tó fi bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro. Ohun tó ń dunni kì í sàn nítorí pé a kàn pa ariwo rẹ̀. Àṣìṣe tí a bá sì fi pamọ́, orí aláìṣẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bọ́ sí.

Wọ́n tún ìdánwò ṣe fún àwọn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló padà wá. Ilé ẹnìkan yòókù jìn, kò sì rí ọ̀nà wá lẹ́ẹ̀kejì. Ìdánwò tirẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.